Àgádágodo Tó Ń Retí Ìkíni

Wọ́n ní ọkọ̀ bàbá mi ti… Wọ́n ní kì í ṣe olè o, àfi àgádágodo tó… Lójú àlá tí mo lá lóru àná, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ ládùúgbò nìyẹn, kò sẹ́ni tó parí rẹ̀. Mo bá lọ wò ó fúnra mi.

Ìyá Àgbà ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú wọn láàárọ̀ yẹn. Bí a bá pẹ́, dókítà á lọ, ojú á sì fọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n nítorí olè, bàbá mi ti fi àgádágodo irin ti ẹsẹ̀ bíréèkì pa. Bí ó ṣe ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ báyìí, àgádágodo ní:

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni. Ṣí!”

“Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn?”

Ni a bá gba ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ. Orí igi máńgòrò ni ọ́fíìsì náà léfòó sí, okùn kànga la fi gòkè. Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Agbóọlá, tẹ̀ lé wa wá.

“Mo pàṣẹ fún ọ lórúkọ ìjọba!” Ó fa jíà, jíà ò mira. Ó tún fà á, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn sí i. Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, ìwo yọ, ó di òbúkọ.

Ìyá Àgbà ní, “Ẹ gbé àpò mi jìnnà sí i o, ẹ̀pà wà nínú rẹ̀.”

Jíà wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: “Ẹ má bínú sí mi. Bí bíréèkì ò bá kọ́kọ́ tẹríba, èmi ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn.”

Mo rántí pé a kì í nàró tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀. “Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ kú ìṣọ́ òru o. Olè ò gbé wa, ẹ ṣeun.”

“Háà! Ọmọ tí wọ́n kọ́ ló dé,” ni àgádágodo wí, ó sì já wálẹ̀.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ bíréèkì, jíà bọ́ síwájú wẹ́rẹ́. Òbúkọ ló wakọ̀, nítorí òun nìkan ló ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́. Dókítà ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́ nígbà tí a dé.

“Ta ló lojú?” ni ó béèrè.

Mo fẹ́ dáhùn, ni mo bá jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Lóòótọ́, òní ni wọ́n fẹ́ gbé Ìyá Àgbà lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú. Níta, bàbá mi ń fa jíà, ó ń kùn, jíà ò kúrò. Ìyá Àgbà sọ nǹkan kan sí i láti ẹ̀yìn ọkọ̀, bàbá mi sì jáwọ́ lára jíà lójijì. Ìyá mi yọjú láti ilé ìdáná.

“Kí ni wọ́n wí?”

Mo ní, “Wọ́n ní, ‘Oyèwọlé, o ò tíì kí mi láàárọ̀ yìí.’”