Àpótí Ìpamọ́ Nínú Rẹ́jísítà Bàbá

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ọkọ mi tó bá mi sọ ọ́, torí tiẹ̀ máa ń níyọ̀ lápọ̀jù. Fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo bú gbogbo èèyàn inú ilé yìí. Bàbá ọkọ mi nìkan ni mi ò lanu bú. Wọ́n tó mi í bí, nítorí náà inú ni mo ti ń sọ tiwọn.

Àwòrán ilé ni mo ń yà jẹun. Yàrá ẹ̀yìn ni mo fi ṣe ọ́fíìsì: tábìlì kan, kọ̀m̀pútà kan, àti fèrèsé tó kọjú sí okùn tí à ń sá aṣọ sí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, kọ̀m̀pútà mi àtijọ́ kú lójijì, ó sì gbé pílánù ilé mẹ́sàn-án lọ sọ́run. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ni ọkọ mi bá lọ ra àpótí ìpamọ́ oníná kan wá, dúdú, kò ju páálí bàtà lọ, ó gbé e sí pálọ̀. Inú àpótí yìí ni gbogbo iṣẹ́ mi ń gbé. Ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ló ń so ó pọ̀ mọ́ kọ̀m̀pútà mi láti pálọ̀ dé yàrá ẹ̀yìn. Mo búra pé mi ò ní fi iṣẹ́ kankan pamọ́ sínú kọ̀m̀pútà mọ́ láéláé. Ìbúra tèmi kì í sì í ṣe ti ẹnu lásán.

Ọkọ mi ní tiẹ̀, fìríìjì ló ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé níbí, Dókítà Fìríìjì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n ni àìsàn tirẹ̀. Bó bá ti jókòó tì í, kí ilé máa jó, á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n gba kọ́nà yìí ná.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, orúnkún Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọn ò lè jókòó pẹ́ lórí àga pálọ̀ wòran mọ́. Ọmọ iṣẹ́ ọkọ mi bá wa gbé tẹlifíṣọ̀n lọ sí yàrá wọn, ó gbé àpótí ìpamọ́ mi sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà tẹ́lẹ̀, ó sì ki wáyà rẹ̀ bọ iná. Bàbá ní iná àpótí náà ń ṣẹ́jú sí àwọn bí àwọn bá ń kọjá, pé kò bójú mu fún arúgbó. Ọkọ mi fi téèpù dúdú bo gbogbo iná rẹ̀. Bó ṣe di pé kò sẹ́ni tó lè fojú mọ̀ nínú ilé bóyá àpótí wà láàyè tàbí ó ti kú nìyẹn.

Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ ìwàkiwà. Mo máa wà lẹ́nu iṣẹ́ mi jẹ́jẹ́, kọ̀m̀pútà á fi àmì pupa lé àpótí náà lórí, á ní òun ò rí i mọ́. Tó bá tó bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ó tún dé, bí ẹni tó lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé. Kí ó tó dé, ọkọ mi á ti sáré lọ pa ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì, á tún tàn án. Èmi á ti pa kọ̀m̀pútà, màá tún tàn án. Bàbá á ti rọra fi ọ̀pá rìn dé iwájú àpótí, wọ́n á wúkọ́ lé e lórí. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n gbà pé kò sí nǹkan tí ikọ́ àwọn ò lè mú wálẹ̀. Bí àpótí bá wá jí, olúkúlùkù á ní òun lòun jí i.

"Ṣé ẹ rí i? Wáyà yẹn ni mo yí díẹ̀," ọkọ mi á wí.

"Wáyà wo? Kọ̀m̀pútà tí mo pa ni!"

"Ẹ̀rù ló bà á," Bàbá á wí, wọ́n á sì yí padà sí yàrá wọn.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá yọ rẹ́jísítà àtijọ́ kan, wọ́n fi orúkọ àpótí sí i, wọ́n ń kọ "Wà" àti "Kò wà" sí i, pẹ̀lú aago. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àgbà ti ríṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mọ́ mi nínú lásìkò náà ni pé, lẹ́nu aago kan ọ̀sán àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi á jáde láti yàrá Bàbá, á ní, "Tẹlifíṣọ̀n yẹn tún ti kú o. Kí la fẹ́ jẹ?" Á jókòó, a ó jọ jẹun. Èmi á dẹ̀yìn kọ, màá rẹ́rìn-ín sínú. Mo nídìí tí mo fi ń rẹ́rìn-ín, ẹ ó gbọ́ láìpẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àpótí ò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tuntun, àwa ayàwòrán mẹ́ta la sì ń du iṣẹ́ náà. Ogún ọdún ni mo ti ń ya pílánù, orúkọ ọ̀gá kan tàbí òmíràn ló sì máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èyí ni àkọ́kọ́ tí orúkọ tèmi máa wà níbẹ̀. Aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá fún wa. Wọ́n ní bó bá fi ìṣẹ́jú kan lé, ká máa gbé e mọ́ra.

Lọ́jọ́ Ẹtì náà, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ ti parí. Ó kù kí n so ojú ìwé méjìlá pọ̀ di ẹyọ kan, kí n sì fi ránṣẹ́. Mo tẹ ẹ́. Àmì pupa yọ. Àpótí ti di àwátì.

"Dókítà! Kí lo fọwọ́ kàn?"

Ọkọ mi sáré wọlé láti ṣọ́ọ̀bù, gíríìsì dé ìgbọ̀nwọ́. "Èmi tí mo wà lábẹ́ fìríìjì?"

"Lábẹ́ fìríìjì náà lo ti fọwọ́ kàn án!"

Ó pa ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tàn án. Mo pa kọ̀m̀pútà, mo tàn án. Kọ̀m̀pútà ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀. Ogún ọdún! Mo ronú kan orúkọ mi nísàlẹ̀ pílánù náà, tó jókòó sínú àpótí tí ò fẹ́ dáhùn, ẹkún bá gbọ̀n mí.

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀," mo wí fún ọkọ mi. "Ẹ̀rọ gbogbo àdúgbò lò ń tún ṣe, tèmi nìkan ló ń kú sí ọ lọ́wọ́!"

Ó ń fi aṣọ nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀, ó ń wò mí.

"Ẹ dákẹ́, kíláàsì." Bàbá ti yọ sí wa pẹ̀lú ọ̀pá àti rẹ́jísítà. "Àpótí yìí ò ṣàìsàn. Aláìsàn kì í mọ àkókò. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń jáde láìgbàyè, wákàtí márùn-ún gééré ló sì máa ń wà láàárín méjèèjì. Bí iná ìlú bá fi ogún ìṣẹ́jú lọ lónìí, tó bá dọ̀la á fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́ sí i. Ẹnì kan ló ń pè é jáde."

Wákàtí márùn-ún. Láti aago kan sí aago mẹ́fà. Yé è!

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo pe ọkọ mi wá jẹun títí tó fi sú mi, mo ra sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó ní aago lára. Béèyàn bá yí aago náà sí àkókò tó wù ú, á pa iná fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á tún tàn án padà fúnra rẹ̀. Mo fi í sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo ki wáyà tẹlifíṣọ̀n bọ̀ ọ́, mo sì yí i sí aago kan àti aago mẹ́fà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí tẹlifíṣọ̀n bá kú, ọkọ mi á wá jẹun. Bí iná ìlú bá lọ, aago náà á dúró. Èmi ni mo máa ń yọ́ lọ tún un yí. Nígbà tá a gbé tẹlifíṣọ̀n lọ, mo rò pé ó bá a lọ ni; ọkọ mi ò sì yẹ àkókò oúnjẹ rí, ni mi ò ṣe lọ wò ó mọ́. Kò bá a lọ. Àpótí mi ni ọmọ iṣẹ́ yẹn kì bọ̀ ọ́. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ó di kí n yan ọ̀kan nínú méjì: ìtìjú tàbí pílánù. Mo wo aago ògiri.

"Dókítà," mo wí, ohùn mi sì ti kéré, "jọ̀ọ́, fa kọ́bọ́ọ̀dù yẹn síwájú."

Ó fà á. Ó tẹ̀ ba, ó yọ nǹkan náà, ó ki wáyà àpótí bọ ara ògiri tààrà.

"Kí lo rí níbẹ̀?" Bàbá bèèrè.

"Wáyà lásán ni, Bàbá. Ó ti jẹrà," ọkọ mi dáhùn, ó sì ti nǹkan náà bọ àpò. Kò wojú mi.

Torí pé iná já mọ́ ọn lójijì, àpótí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ẹrù inú rẹ̀ tán kó tó ṣílẹ̀kùn. Ó ń kà, mo ń gbàdúrà. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, àmì pupa lọ. Ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo fi í ránṣẹ́. Ku ìṣẹ́jú méjì, èsì wọlé: "A ti rí i gbà." Bóyá wọ́n á fún mi níṣẹ́ náà o, bóyá wọn ò ní fún mi, orúkọ mi ti wọlé. Bàbá kọ "Wà" sínú rẹ́jísítà, wọ́n fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ tó aago mẹ́fà, mo rí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà lórí fìríìjì níbi tí ọkọ mi jù ú sí. Mo gbé e sí àárín tábìlì ìjẹun. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ mi sílẹ̀ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀. Aago mẹ́fà lù, ọkọ mi jáde.

"Tẹlifíṣọ̀n yẹn tún ti kú o. Kí la fẹ́ jẹ?"

Ó gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀. Ariwo bọ́ọ̀lù ń bọ̀ láti yàrá, Bàbá sì ń kígbe pé, "Gbá a! Gbá a sínú àwọ̀n!"

Mo wò ó. Mo wo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lórí tábìlì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi wà lára àpótí mi. Kí ló wá ń pa tẹlifíṣọ̀n?

"O ti mọ̀," mo wí.

"Ọ̀sẹ̀ tó o rà á ni mo ti mọ̀. Èmi tí mo ń tún nǹkan oníná ṣe, ṣé màá jókòó kí iná máa kú lójú mi, kí n má wo ìdí rẹ̀?"

"Kí ló dé tí o ò yọ ọ́?"

"Ìyàwó mi ra aago nítorí kí n lè bá a jẹun, kí n wá yọ ọ́?" Ó fa àga, ó jókòó, ó ń fi ìka yí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. "Nígbà tá a gbé tẹlifíṣọ̀n lọ, tí kò kú mọ́, mo rò pé o ti yọ ọ́ dànù ni. Mo rò pé pípè mí ti sú ọ. Ni mo bá ń wá fúnra mi."

Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo tò sílẹ̀ pòórá. Ó dùn mí pé mo bú u tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn mọ́ mi ju iṣẹ́ ilé ìgbẹ̀bí lọ.

"Kò sú mi," mo wí.

Góòlù wọlé ní yàrá, Bàbá pariwo pe ọmọ wọn. Ọkọ mi ò dìde. Ó na abọ́ rẹ̀ sí mi, mo sì bu oúnjẹ sí i.