Fọ́tò Tí Alimat Fi Ọwọ́ Òsì Yà

Láti ìgbà tí mo ti bí Alimat ni ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ti lágbára. Ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, síbẹ̀ kò lè de bọ́tìnnì, kò lè ṣí kúlà oúnjẹ rẹ̀. Àǹtí Happiness, olùkọ́ rẹ̀ ní Doka tí à ń gbé níbí, wá ní kí n máa gbé fóònù mi fún un.

"Kó fi ọ̀tún dì í mú, kó fi àtàǹpàkò òsì tẹ ibi tí wọ́n fi ń ya fọ́tò. Ohun tó bá wù ú ni kó yà, títẹ̀ yẹn á máa fún ọwọ́ náà lágbára díẹ̀díẹ̀. Kó o máa fi ránṣẹ́ sí mi."

Fọ́tò kẹ̀? Dókítà ní ká máa fa ọwọ́ náà, a fà á títí, igbe nìkan la rí. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe, mo bá gbé fóònù fún un.

Ó ya òrùlé. Ó ya ìdajì imú mi. Ó ya nǹkan dúdú kan tí n kò mọ̀ títí di òní. Gbogbo rẹ̀ ṣe bàìbàì. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń fi wọ́n ránṣẹ́. Àǹtí Happiness dáhùn pé, "Kai! Ó dára gan-an!"

Kí ló dára níbẹ̀?

Nígbà tó yá, ìyá ọkọ mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn kedere. Adìẹ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Orí mi wà lọ́rùn mi. Mo ní ọwọ́ ti lágbára nìyẹn, mo fi wọ́n ránṣẹ́ tayọ̀tayọ̀.

Àǹtí Happiness pè mí. "Ìyá Alimat, ọwọ́ wo ló fi ya èyí?"

"Òsì ni. Àbí… kí ló dé?"

"Ṣé ó ti ń de bọ́tìnnì?"

Kò tíì lè dè é. Orí mi dàrú. Èyí tí kò dára, ó ní ó dára. Èyí tó dára, ó ń bi mí ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá.

Mo jáde sẹ́yìnkùlé. Alimat ń ya ìyá àgbà rẹ̀. Ó gbé fóònù ti àpótí, ó ń fi ìka ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Ó fi òsì pamọ́ sẹ́yìn.

"Alimat, òsì dà?"

"Ìyá àgbà ní kò dára."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Màmá wí. "Òsì ló fi na fóònù sí mi. Ṣé o ò kọ́ ọmọ ni? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni."

"Màmá, òwe ò lè bá Alimat de bọ́tìnnì."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó bú wọn. Ṣé mo bú wọn ni? Mo yáa kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ohun tí Àǹtí Happiness sọ nípa fọ́tò fún Màmá.

"Fọ́tò loògùn?"

"Olùkọ́ rẹ̀ ní òun ni, Màmá."

"Ìwọ gbà bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Èyí tá à ń fà ò kúkú ṣiṣẹ́."

Màmá tún ìró wọn ró. "Ó dáa. Kó fi òsì yà mí. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ fún mi ní nǹkan, ọ̀tún ni o!"

Alimat wò wọ́n, ó wò mí. "Èwo gan-an ni kí n lò?"

"Òsì. Fún fọ́tò."

Ó rọra mú un jáde. Ó fi àtàǹpàkò náà wá ibi títẹ̀. Ó yẹ̀, ó tún yẹ̀, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ẹ́. Bàtà Màmá àti ìsàlẹ̀ ìró wọn nìkan ló jáde.

"Orí mi ńkọ́?" ni Màmá bèèrè.

Mo tẹjú mọ́ fọ́tò náà. N kò mọ̀ bóyá agbára ni mo ń wò tàbí èèṣì.

"Tún mi yà," Màmá ní. "Òsì yẹn náà ni kó o lò."