Ìtọ̀ Màmá Àgbà

Bí wọ́n bá da gbogbo ìtọ̀ ọ̀bọ tí obìnrin yìí ti kó jọ láti ọdún méjìlélógún sójú kan, ọkọ̀ ojú omi á rìn lórí ẹ̀. Ìyá Ọ̀bọ ni gbogbo ilé iṣẹ́ ìwádìí náà ń pè é. Èébú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe; òun ni ó gbà á, tó kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn láàbù rẹ̀, yàrá tó ti ń ṣàyẹ̀wò.

Àràárọ̀ ló ń fi síríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́ fa ìtọ̀ àwọn abo ọ̀bọ láti inú páànù abẹ́ kéèjì wọn, tí á sì wá họ́mọ̀nù inú ẹ̀, ìyẹn ohun tí ara fi ń ránṣẹ́ sí ilé ọmọ. Ibẹ̀ ló ti ń mọ èyí tó fẹ́ akọ àti èyí tó lóyún. Ọkọ rẹ̀ a máa ráhùn pé, "Ó mọ nǹkan oṣù ogójì ọ̀bọ lórí, kò mọ ọjọ́ ìbí mi."

Ọmọ Ìyá Ọ̀bọ bímọ, ó lọ tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́bọ̀ tó padà dé ni ọ̀gá àgbà tuntun pè é, ọ̀gá tí bàtà rẹ̀ ń dán débi pé ọ̀bọ lè fi ṣe dígí ta eyín.

"Àwọn abo ọ̀bọ yìí ti sú mi, mà. Lónìí họ́mọ̀nù lọ sókè, lọ́la ó já wálẹ̀. Akọ la ó máa lò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi yẹ ìtọ̀ Màmá Àgbà, èyí tó dàgbà jù nínú wọn, wò; ilé ọmọ rẹ̀ ti kógbá wọlé. Lọ́la, ọjọ́ Ẹtì, dókítà ẹran á fún un lábẹ́rẹ́ àsùn-ùn-jí, a ó sì ti yàrá àwọn abo pa. Ẹ̀yin náà á wá sinmi."

"Irú ìsinmi tirẹ̀ náà, àbí?"

"Ẹ ti kọjá ìgbà, mà."

"Ọ̀bọ yẹn lóyún."

"Èsì kì í purọ́!" Ló bá na lẹ́tà ìfẹ̀yìntì sí i.

Ìyá Ọ̀bọ já wọ yàrá ọ̀bọ bí ìjì. Páànù mọ́ tónítóní, omi sì ń kán lára ẹ̀.

"Baba Agbálẹ̀, ta ló fọ èyí?"

"Èmi ni o, mà. Ọ̀gá ní òórùn ń lé àlejò, kí n máa fi rọ́bà omi fọ̀ ọ́ láago mẹ́fà."

"Aago mélòó ni wọ́n wá ń fa ìtọ̀?"

"Aago méje. Èyí tó bá kù nílẹ̀ ni wọ́n ń fà."

Ìyá Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín títí òrùlé fi fẹ́ ṣí. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń yẹ̀ wò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí Baba Agbálẹ̀ tó gbé rọ́bà, Ìyá Ọ̀bọ ti lọ lóṣòó ti páànù. Màmá Àgbà wò ó títí bí ẹni ń ná ọjà, kó tó tọ̀.

Láago mọ́kànlá, ọ̀gá àti dókítà ẹran bá ilẹ̀kùn yàrá ọ̀bọ ní títì, Ìyá Ọ̀bọ dúró síwájú ẹ̀ pẹ̀lú èsì tuntun lọ́wọ́.

"Kọ́kọ́rọ́ wà nínú kọ́mú mi. Ẹni tí ikú ò bá bà lẹ́rù kó wá mú un."

Ọ̀gá wo èsì náà. Họ́mọ̀nù oyún ti gun òkè àjà. "Ẹ̀rọ lè ṣìṣe," ló wí.

"Ṣebí lánàá èsì kì í purọ́? Dókítà, ẹ fi abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀ níta, kẹ́ ẹ wọlé wá."

Ìyá Ọ̀bọ ṣílẹ̀kùn, ó sì ń họ ẹ̀yìn Màmá Àgbà láti àárín irin kéèjì. Dókítà gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ́ ìró inú lé e níkùn. Gbogbo wọn gbọ́ ọ: kì-kì-kì-kì, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń sáré rán aṣọ ọdún.

"Ọkàn ọmọ nìyẹn," ni dókítà wí. "Èmi ò pa aboyún o."

Ọ̀gá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, kó má dé etí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé iṣẹ́."

"Ó ti dé ojú wọn. Mo ti lẹ gbogbo ẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn wọn láàárọ̀, àtàṣẹ rọ́bà omi yín. Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Tiyín nìkan ló yọ̀ yín ṣubú. Ẹ gba lẹ́tà ìfẹ̀yìntì yín yìí, kẹ́ ẹ fà á ya."

Ọ̀gá gbà á, ó fà á ya. Bó ṣe ń fà á ya ni Màmá Àgbà yí ìdí padà, tó tọ̀ ṣùùrù sórí bàtà dídán yẹn. Ọ̀gá fẹ́ fò sẹ́yìn.

"Ẹ ò gbọdọ̀ mira!" Ìyá Ọ̀bọ ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú síríǹjì. "Kò tíì kan omi, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ n fà á."