Agolo Mẹ́rin Tí Kò Lórúkọ

Oṣù mẹ́jọ àti ọjọ́ mọ́kànlá ni obìnrin oníkéèkì kan fi ru kéèkì láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn, kí obìnrin tó jẹ́ olùkọ́ àgbà ilé-ìwé àdúgbò tó sọ fún un pé òun ń bọ̀ wá tọ́ ọ wò.

"Aago mẹ́rin ọ̀la. Tó bá wú dáadáa, ẹ̀yin lẹ ó máa ṣe é fún àwọn ọmọ wa."

Nígbà tó di aago méjì ọjọ́ kejì, oníkéèkì wọ ilé ìdáná, ó bá agolo mẹ́rin tó ń dán bíi dígí. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó wá kí wọn, ti fọ gbogbo wọn, ó sì ti fi kànrìnkàn ha bébà orúkọ ara wọn dànù.

"Màámi, èwo ni sódà nínú ìwọ̀nyí?"

"Èwo ni mo mọ̀? Ṣebí funfun ni gbogbo wọn. Mo bá ọ ṣiṣẹ́, o ò lè kí mi kú iṣẹ́!"

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Ìgbà tí mo bèèrè lo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i sọ."

Ìyá ti ìka bọ agolo kìn-ín-ní, ó lá a. "Iyọ̀ nìyí." Ó lá ìkejì, ojú rẹ̀ fún pọ̀. "Èyí burú lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ àna!"

Oníkéèkì rọra gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bu díẹ̀díẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àwo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì kán fínígà, omi kíkan, sí wọn. Iyọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò tí wọn ò fún lóúnjẹ. Ìyẹ̀fun àgbàdo di ẹrẹ̀. Àmọ́ méjì tó kù ru sókè, ṣììì!

"Yéè! Inú ń bí wọn!"

"Sódà ni ọ̀kan, Màámi, páúdà kéèkì ni èkejì. Omi ló máa là wọ́n, ká lè mọ èwo ni èwo."

Ó tún bu díẹ̀ nínú méjèèjì sí àwo mìíràn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì kán omi lásán sí wọn. Sódà ò fọhùn, nítorí kò ní jà bí kò bá rí ohun kíkan. Páúdà ní tirẹ̀ tún hó, torí àwọn tó ṣe é ti po ohun kíkan gbígbẹ mọ́ ọn. Omi lásán ti tó o.

Ó yíjú láti gbé wàrà kíkan tí yóò pò mọ́ sódà. Kó tó yíjú padà, Ìyá ti da gbogbo fínígà tó kù sínú agolo sódà. Ìfófò ya bo tábìlì, ó sì kún sálúbàtà Ìyá.

"Mo kàn ní kí n tún wò ó ni!"

Sódà tán. Oníkéèkì ò pariwo. Ariwo kì í mú kéèkì wú. Ó gbé wàrà kíkan tì, ó mú èyí tí kò kan, ó sì fi ṣíbí páúdà mẹ́ta dípò ṣíbí sódà kan. Nígbà tó gbé e sínú ààrò, àwọn méjèèjì lóṣòó síwájú rẹ̀, wọ́n ń yọjú wo kéèkì láti ojú gíláàsì ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó wú.

Aago mẹ́rin lù, olùkọ́ àgbà dé. Ó fìka tẹ kéèkì, kéèkì ta padà. Ó gé ègé kan jẹ, ó tún gé òmíràn.

"Ṣé ẹ lè máa gbé e dé ní aago mẹ́wàá láràárọ̀?"

Oníkéèkì ò tíì la ẹnu tí Ìyá fi dáhùn: "Aago mẹ́sàn-án! Èmi fúnra mi ni n ó máa gbé e wá. N ò lọ mọ́. Mo ti rí i pé iṣẹ́ yìí pọ̀ jù fún òun nìkan."



"Ẹ ṣé, mà," ni oníkéèkì wí. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ ẹni tí òun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú olùkọ́ àgbà àti Ìyá.