Rọ́bà Tó Ń Fara Da Iná

Ọdún méjìlélógún ni Verlin Stroud ti ń fi omi gbígbóná fọ kápẹ́ẹ̀tì onílé kiri Wichita, àmọ́ bó bá fẹ́ ra rọ́bà omi, nọ́ńbà agbára omi tí rọ́bà náà lè gbà nìkan ló máa ń wò lára rẹ̀. Kò wo ti ìgbóná rí. Orí kunkun ni. Bí rọ́bà ṣe bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà òtútù tó kọjá nìyẹn, tí omi bó ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Èyí tó lè fara da ìgbóná jù ni kó o fún mi," ló sọ fún Marlene tó ń ta rọ́bà.

"Ìgbà tí ẹyin fọ́ tán lo wá gbọ́n."

Marlene so rọ́bà dúdú kan mọ́ ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó jẹ́ kí omi gbóná dáadáa. Verlin ò wọ ìbọ̀wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ni àwọn tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì fi ń dán rọ́bà wò bóyá ìgbóná ń yọ síta, ọwọ́ ọ̀tún ló sì nà. Ó dì í mú, ó pẹ́ lórí ẹ̀.

"Èyí dáa. Ó tutù."

Marlene fọwọ́ kàn án, kíá ló fa ọwọ́ padà. Ó sáré pa ẹ̀rọ, ó gba ọwọ́ Verlin, ó ṣí i. Ó ti lé ròrò. Kò dun Verlin rárá; ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíì.

"Rọ́bà tó ń fara da iná pọ̀ lọ́wọ́ mi," ni Marlene wí jẹ́jẹ́. "Èyí tó máa sọ fún ẹ pé iná ń jó ẹ ni mi ò tà."