Àáró Kábéèjì Bok-rye

Bok-rye ò ní kábéèjì kan ṣoṣo nílé, bẹ́ẹ̀ gbogbo àdúgbò ló gbà pé kábéèjì rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn. "Seong-jae máa fi ránṣẹ́ láti Ulsan," ló ń wí kiri. Seong-jae ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń jó irin pọ̀ nílùú yẹn, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Seong-jae ò mọ nǹkan kan nípa kábéèjì o. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ẹja alágolo tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà ti kógbá sílé láti ìgbà ooru.

Òtútù sì ti dé báyìí, àkókò tí gbogbo ilé ń po kimchi, kábéèjì oníyọ̀ tí wọ́n fi ata àti áyù pò, tí wọn óò máa jẹ títí ilẹ̀ á tún fi móoru. Kò sẹ́ni tó ń dá a ṣe. Àáró ni: lónìí a pé jọ sílé tèmi, lọ́la a pé jọ sílé tìrẹ. Bok-rye ti dé ilé gbogbo wọn. Ó bó áyù nílé Ìyá Min-ju títí èékánná rẹ̀ fi ń ta á. Ní ilé oúnjẹ Mal-sun, níbi tí wọ́n ti ń ta ọbẹ̀ egungun màlúù, kábéèjì tó wà nílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o, odindi ọjọ́ méjì ló sì fi bá wọn fi iyọ̀ sí i. Bí wọ́n bá ní kó mú ọjọ́ tirẹ̀, á ní ẹrù Seong-jae ò tíì dé. Èrò rẹ̀ ni pé yìnyín á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láìpẹ́, kálukú á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí gbogbo àdúgbò jẹ ẹ́ ní àáró ju kí ẹnì kan mọ̀ pé agbára òun ò ká kábéèjì lọ. Ẹ má wulẹ̀ bú u. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí a ń pè é ní ìwà ọmọlúàbí.

Owó àìríṣẹ́ tí ìjọba ń san fún un, ilé ìwòsàn àwọn arúgbó ló ń bá lọ. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ wà, ìyá tí kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tó ń rẹ́rìn-ín bó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí Bok-rye bá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba lọ́jọ́ tó ń lọ jẹ́rìí pé òun ò tíì ríṣẹ́, á tẹrí ba wọlé, á tẹrí ba jáde, bí ẹni tó wá tọrọ báárà.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni fóònù dún.

"Ẹ kú ọ̀sán o, mà. Pyo lorúkọ mi, láti ọ́fíìsì tó ń san owó àìríṣẹ́. Ẹnì kan pè wá, ó ní òun rí yín tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ ọlọ́bẹ̀ egungun. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Kábéèjì la fi iyọ̀ sí."

"Ẹ ò sì sọ fún wa. Ṣé ọ̀fẹ́ lẹ ṣe é fún wọn ni?"

Ká ní ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin wo ní àdúgbò yẹn ló máa gbà pé òun lọ ṣe kimchi onílé oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́? Ìwọ̀sí ni, fún un àti fún Mal-sun.

"Ta ní ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún èèyàn? Àáró ni. Ó jẹ mí ní ọjọ́ méjì."

"Ó jẹ yín ní ọjọ́ méjì," ni Pyo tún sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwà pẹ̀lẹ́ ọmọkùnrin náà ló tilẹ̀ wá dẹ́rù ba Bok-rye. Pyo ní òun máa dá owó tó kàn dúró ná, títí òun á fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, Bok-rye máa dá èyí tó ti gbà padà.

"Bó bá wá jẹ́ àáró ni, mà, ọjọ́ wo ni àwọn náà ń bọ̀ wá ṣe tiyín? Màá fẹ́ fojú rí i."

"Ọjọ́ Jímọ̀," ni Bok-rye wí, kó tó mọ ohun tó ń sọ.

Ó jókòó sílẹ̀ gbẹ̀ẹ́. Ta ni yóò ṣe àáró fún ẹni tí kò ní oko? Ó ro ìyá rẹ̀. Ó rò ó bí wọn óò ṣe di ẹrù màmá lé e lọ́wọ́ nílé ìwòsàn, tí wọn óò ní kó máa mú un lọ. Ìgbà tó rò ó débẹ̀ ló dìde, ó wọ bàtà, ó forí lé ilé oúnjẹ Mal-sun.

Mal-sun ń fọ egungun nínú ọpọ́n ńlá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ju Bok-rye lọ lọ́jọ́ orí, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Ìyá Seong-jae, kí ló ń lé ọ? O ti kọjá níwájú ibí lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá."

Ó sọ ti fóònù. Inú bí Mal-sun, ó bú ẹni tó lọ tú wọn fó, ó bú baba rẹ̀ pẹ̀lú. "Èmi, kí n gba èèyàn síṣẹ́ lábẹ́lẹ̀? Jẹ́ kí ọmọ náà wá. Gbogbo wa là ń bọ̀ nílé ẹ ní Jímọ̀. Kábéèjì ẹ ti dé, àbí?"

Bok-rye ń wo egungun inú omi. "Kò sí kábéèjì."

"Kò tíì dé?"

"Kò sí èyí tó ń bọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Seong-jae ò mọ̀ pé mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ màmá ni gbogbo owó ń lọ."

Mal-sun sọ egungun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyẹn ni pé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì fún mi, o sì mọ̀ pé mi ò ní ráyè san án."

"Ẹ má bínú."

"Mo ń bínú. Ẹni tó pe ìjọba yẹn ò parọ́ nígbà náà. Ìwọ lo sọ mí di ọ̀gá ẹ, tí mi ò sì mọ̀. Máa lọ sílé."

Ó lọ sílé. Ojú tì í, ó sì dùn ún, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni Mal-sun sọ.

Nígbà tó di Jímọ̀, ó fọ ọpọ́n ńlá, ó gbé e sí àgbàlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní nǹkan tó máa kó sí i. Pyo ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òtútù ti sọ etí rẹ̀ di pupa. Ó wo ọpọ́n, ó wo Bok-rye.

"Kábéèjì ńkọ́, mà?"

Irọ́ mìíràn ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, pé Seong-jae wà lójú ọ̀nà. Ó gbé e mì. "Mi ò ní. Mi ò lówó ẹ̀. Mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n ń bọ̀."

Bó ti sọ ọ́ tán ni ọkọ̀ akẹ́rù ilé oúnjẹ ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mal-sun ló ń wà á. Ìyá Min-ju àtàwọn obìnrin méjì mìíràn jókòó sẹ́yìn láàárín agbada kábéèjì tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí láti àná, wọ́n gbá àpò ata gígún mọ́ra bí ọmọ ọwọ́.

"Ìwọ ni ìjọba?" ni Mal-sun bi Pyo. "Gba ibí yìí, ó wúwo."

Kí Pyo tó mọ̀, agbada kan ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo ní láti bèèrè. Ó yé mi pé ẹ wá san àáró. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ tún gbé kábéèjì wá. Ṣé ìyẹn kì í ṣe owó iṣẹ́ tó ṣe fún yín?"

Ìbéèrè gidi ni, gbogbo wọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Àáró tá a jẹ ẹ́, ọwọ́ wa la máa fi san án lónìí," ni Mal-sun wí. "Kábéèjì yìí, a yá a ni. Lọ́dún tó ń bọ̀ á dá a padà. Ṣé ọ̀gá ló ń yá alágbàṣe ní kábéèjì, kó wá máa retí kó san án?" Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀. "Èmi náà á bi ọ́. Nígbà tó ń gé orí ẹja nílé iṣẹ́ alágolo lọ́hùn-ún, ṣé wọn kì í yọ nínú owó rẹ̀ fún yín lóṣooṣù?"

"Wọ́n ń yọ ọ́, mà. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀."

"Àáró náà nìyẹn. Ó ti ṣe tiyín. Ó wá kàn yín láti ṣe tirẹ̀, ẹ ń bi í léèrè kábéèjì."

Pyo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó yíjú sí Bok-rye. "Owó yín ni, mà, mi ò bá wọn jiyàn ìyẹn. Ohun tí mo rí ni màá kọ, wọ́n á sì tú owó náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, ẹ pè wá kí ẹ tó lọ bá èèyàn ṣe nǹkan. Tẹ́ ẹ bá sì wá sí ọ́fíìsì, ẹ yéé tẹrí ba fún wa."

Mal-sun ká ewé kábéèjì kan mọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ tí wọ́n gbé wá, ó nà án sí i lẹ́nu. Pyo fẹ̀yìn rìn.

"Òfin ò gbà á, mà."

"Ewé kan péré?"

"Ewé kan pàápàá." Pyo sì ń wo ewé náà títí ó fi dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀.

Wọ́n po kimchi títí ọwọ́ gbogbo wọn fi pupa. Nígbà tí àwọn yòókù ń fọ ọpọ́n, Bok-rye sún mọ́ Mal-sun.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mi ò bá lè san èyí tán ńkọ́?"

"Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́," ni Mal-sun wí, kò gbójú sókè. "Nígbà tó jẹ́ àwa la jẹ ọ́, ńṣe lò ń wá ọ̀nà àtisá fún wa. Báyìí tó jẹ́ ìwọ lo jẹ wá, wàá máa padà wá."

Omi bọ́ lójú Bok-rye, kò sì ṣe é bí ẹni pé ata ni. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó tẹ Ulsan láago.

"Seong-jae, èmi ni. Ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé láti ìgbà ooru, mi ò sọ fún ọ. Rárá, mo wà dáadáa. Mo ní kimchi tìrẹ náà ti wà ńlẹ̀. Wá mú un."