Ìwọ̀n Tí Alban Lè Rí

Norris to ọmọ ogun bébà mẹ́ta sórí tábìlì. Ọ̀kan kò ga ju èékánná àtàǹpàkò lọ, èkejì ga tó ìlàjì ìka, ẹ̀kẹta ga tó ìka gígùn. Ẹ̀wù pupa ló wà lọ́rùn gbogbo wọn.

"Alban, èwo lo rí ẹ̀wù ẹ̀?"

Alban tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì. Ojú rẹ̀ ti ń bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá. Àárín ohun tó bá ń wò ló máa ń pòórá, ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ń kù.

"Èyí tó gùn yìí. Àwọn tó kù dà bí ìyẹ̀fun."

"Ti àárín ńkọ́? Tún un wò dáadáa."

"Mo ti wò ó. Àbí kí n lọ yá ojú ológbò ẹ ni?"

Norris rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dénú.

Láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni wọ́n ti ń fi ọmọ ogun bébà bá ara wọn ta eré ogun lórí tábìlì yìí, ní ìlú Skipton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Hilary, ìyàwó Norris, ló kun ogun méjèèjì ní ìwọ̀n èékánná. Á kun iwájú, á kun ẹ̀yìn, á lẹ̀ wọ́n pọ̀, á sì fi àlùmọ́gàjí gé wọn. Ó ti di olóògbé.

Wọn kì í po ìwọ̀n méjì pọ̀ lórí tábìlì kan. Kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá, ogun á dà bí bàbá tó ń na ọmọ. Bí wọ́n bá mú èyí tó gùn, iṣẹ́ Hilary wọ àpótí nìyẹn. Bí wọn kò bá mú un, Alban kò ní í wá mọ́.

Norris rò pé òun ti rí ọ̀nà. Ó kó àwọn ọmọ ogun Hilary lọ sí ilé ìkàwé, ó fi ẹ̀rọ fótókópì sọ wọ́n di ńlá. Nígbà tí bébà jáde, ó gbé e súnmọ́ ojú.

Wọn kò lójú. Ẹ̀kán ọ̀dà kan péré ni Hilary fi ṣe ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní kékeré, ó tó. Ní ńlá, àbàwọ́n ni. Gbogbo ojú tí Norris ti ń rí láti ọjọ́ yìí wá, òun ló ń fi ọkàn yà á.

Ó padà sílé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwọn tuntun.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Alban gbé ọ̀kan lọ sójú fèrèsé.

"Háà! Mo rí bọ́tìnnì ẹ̀! Ta ló ya èyí? Ó burẹ́wà bíi tìẹ."

"Èmi ni."

"Mo mọ̀. Hilary ò jẹ́ ṣe irú ẹ̀ sí mi." Alban rọra gbé e padà sórí tábìlì. "Má bínú, ọ̀rẹ́ mi."

"Ju dáìsì ẹ."

Norris ti fi ọ̀kan nínú ti Hilary, èyí tó gbé àsíá, sẹ́yìn ilé páálí kan lórí tábìlì, láìsọ fún Alban. Alban nawọ́ láti ti ogun rẹ̀ síwájú. Apá ẹ̀wù rẹ̀ gbá ọmọ ogun kékeré náà, ó ṣubú sílẹ̀.

"Mo kan nǹkan, àbí?"

Norris bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un, ó fi í sápò àyà.

"O ò kan nǹkan kan," ó ní. "Ìwọ ló ṣì kàn."